Ìbòmú ní géètì, wíńdò títì pa nínú kíláàsì: bí ọ̀rọ̀ kórónà ṣe rí ní sùkúù kan ní Àpáta

Sùkúù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, apá Àpáta níbí n'Íbàdàn ló wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí pé ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sùkúù ló ṣe é. Sùkúù aládàáni ni, nọ́sìrì àti prámárì, ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di sùkúù, ẹ sì mọ bí irú ẹ̀ ṣe máa ń rí, pálọ̀ á di Primary 5, bẹ́ẹ̀dìrúùmù á di Nursery 2, kíṣìnì á di ọ́fíìsì. Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀ nígbà yẹn, èmi náà sì ń kọ́ wọn ní Físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì níbòmíì, bí wọ́n ṣe fi mí sí kọmítì PTA nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìbòmú àti atẹ́gùn inú kíláàsì tó dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ látòkèdélẹ̀, torí àwọn èèyàn ti ń gbàgbé ẹ̀, tí àìsàn míì tó ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn bá sì dé lọ́la, mi ò fẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pé oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n ti sùkúù pa káàkiri Nàìjíríà. Ní Ọ̀yọ́ tiwa níbí, àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, Primary 6, JSS 3 àti SS 3, ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé padà ní oṣù Keje, àwọn tó kù dúró di oṣù Kẹsàn-án. Ní gbogbo àsìkò yẹn ọ̀pọ̀ tíṣà sùkúù aládàáni ni kò rí owó oṣù gbà, àwọn kan ń ta gàárì, àwọn kan ń gun ọ̀kadà, mo mọ ọ̀kan tó mọ aṣọ rán, ìbòmú ló wá ń rán tà, òun náà ló fi bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ wọlé, ohun tí gbogbo sùkúù ń sá kiri rà ni ohun tí ojú lè rí tí wọ́n bá wá yẹ̀ wọ́n wò: ike omi onípáàpù fún ọwọ́ fífọ̀, sánítáísà, ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ọmọ láti wo bí ara ṣe gbóná, àti ìbòmú. Mọ́mì tó ni sùkúù ra gbogbo ẹ̀ pátá, lásìkò tí owó sùkúù ò wọlé, mo kan sáárá sí wọn nígbà yẹn, mo ṣì ń kan sáárá sí wọn títí dòní.

Ní géètì, kò sí eré rárá. Ọmọ tí ò bá ní ìbòmú kò ní wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, okùn ìbòmú ọmọ Nursery 1 kan já, ọmọ ọdún 3, ìyá ẹ̀ ti já a sílẹ̀ ó ti bá tirẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, bàbá ṣẹ̀kúrítì ò gbà, ọmọ náà jókòó ti bàbá yẹn lórí bẹ́ǹṣì níta títí ìyá ẹ̀ fi padà dé pẹ̀lú ìbòmú tuntun, ojú ti wú fún ẹkún. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹjọ 2020 ni WHO pẹ̀lú UNICEF ti sọ pé ọmọ ọdún 5 sísàlẹ̀, kí wọ́n má fi ìbòmú ṣe dandan fún un. Ọmọ ọdún 6 sí 11, wọ́n ní kí wọ́n wo bí àìsàn yẹn ṣe pọ̀ tó ládùúgbò, bóyá ọmọ lè lò ó dáadáa, bóyá àgbàlagbà wà nítòsí tó máa mójú tó o. Ọdún 12 sókè ni wọ́n ní kó lò ó bí àgbàlagbà ṣe ń lò ó. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún bàbá ṣẹ̀kúrítì, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé "no mask, no entry", iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ inú kíláàsì Primary 3, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀dìrúùmù ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó lé ní ogún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú Ántì wọn. Ara ògiri kan ṣoṣo ni wíńdò wà, méjì ni, wíńdò gíláàsì ìgbàlódé yìí tí wọ́n ń fà lọ fà bọ̀, ẹ sì mọ̀ pé irú wíńdò yẹn, bó o bá ṣí i tán pátápátá, ìdajì ẹ̀ náà ló ṣí, ìdajì kejì á ṣì wà ní títì. Ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìwé dí i. Èkejì, ẹ̀yìn ilé ló kọjú sí, ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí náà tí iná bá ti lọ, Ántì á fà á pa kí èéfín má wọlé. Nẹ́ẹ̀tì tó wà lára ẹ̀, mo fi ìka kàn án, ìka mi dúdú, eruku ọyẹ́ ti dí gbogbo ojú ẹ̀, wọ́n ì bá kúkú fi páànù dí i. Ògiri ẹ̀gbẹ́ kejì kì í ṣe ògiri gidi, páláńkì ni wọ́n fi pín in sí méjì pẹ̀lú Primary 4, torí ariwo Primary 4 sì ni wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Fáànù wà lókè, ó ń yí dáadáa, gbogbo èèyàn sì gbà pé níwọ̀n ìgbà tí fáànù bá ń yí, atẹ́gùn wà. Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé o, èyí tó wà nínú yàrá yẹn náà ló ń yí po, èyí tí gbogbo wọn ti mí sínú tí wọ́n ti mí síta láti aago mẹ́jọ àárọ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. Torí kórónà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ má jáde lọ ṣeré mọ́ nígbà bíréèkì, kí wọ́n má bàa kóra jọ, kí kálukú jẹun ní ìjókòó ẹ̀. Nítorí náà ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ọmọ tó lé ní ogún á yọ ìbòmú lẹ́ẹ̀kan náà, nínú yàrá tó tì pa, wọ́n á jẹun, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sójú ara wọn, tí wọ́n bá jẹun tán wọ́n á tún fà á padà sẹ́nu. Ìta gbangba níbi géètì, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́ tí ewu ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ibẹ̀ ni òfin ti le. Inú yàrá tí ewu wà gan-an, ibẹ̀ ni òfin ti sinmi. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ní ìparí oṣù Kìíní 2021, tí àrùn yẹn tún gbérí lẹ́ẹ̀kejì, Ántì Primary 3 bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọyẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ń dín ata nílé, gbogbo àwọn ará ilé ń sín, òun tó dúró ti ìkòkò ò gbọ́ òórùn kankan, ìyẹn ló já a láyà. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ó ní i. Ó pe Mọ́mì lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an ó sọ fún wọn, kò fi pa mọ́ rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kí obìnrin yẹn, torí mo mọ ibòmíì tí wọ́n ti ń sọ fún tíṣà pé kó pa ẹnu mọ́. Ara ẹ̀ yá nígbà tó yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ kan náà ń wúkọ́ nínú kíláàsì yẹn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò yẹ wọ́n wò, mi ò lè sọ pé kórónà ni, mi ò sì lè sọ pé ọyẹ́ ni.

Wọ́sáàpù àwọn òbí gbaná. Ìgbà yẹn gan-an ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ààbò kórónà, 26 oṣù Kìíní 2021, tó sọ ìbòmú di dandan níta gbangba pẹ̀lú owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n, nítorí náà àwọn kan ń pariwo pé kí wọ́n lé ọmọ tó bá yọ ìbòmú sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan ní kórónà kankan ò sí, pé àwọn olóṣèlú ló fi ń jẹun. Bàbá kan fi vóìsì ránṣẹ́ pé ọmọ òun á kú sínú ìbòmú yẹn, pé kábọ́ọ̀nù tó yẹ kó jáde ló ń tún padà fà sínú. Mọ́mì onísùkúù wá ní ó yá, kí gbogbo òbí wá sí mítììnì lọ́jọ́ Sátidé, lábẹ́ kánópì, níta.

Ohun tí Mọ́mì mú wá sí mítììnì ni pé kí sùkúù rán ìbòmú tuntun, aṣọ ẹ̀ á nípọn, báàjì sùkúù á wà lára ẹ̀, kí òbí kọ̀ọ̀kan ra mẹ́rin mẹ́rin fún ọmọ. Wọ́n ní "ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù." Ariwo sọ, ọ̀rọ̀ owó ni. Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, mi ò ní ká sọ ìbòmú nù, ìbòmú wúlò, àgàgà lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo kíláàsì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn tíṣà. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí kì í ṣe itọ́ tó ń ta sórí tábìlì nìkan ló ń gbà ràn. Nígbà téèyàn bá ń mí, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọrin, omi kéékèèké tí ojú ò lè rí ń bá èémí ẹ̀ jáde, ó sì máa ń léfòó nínú yàrá bí èéfín kóìlì ẹ̀fọn, ẹni tó jìnnà síbi tí kóìlì wà náà á gbọ́ òórùn ẹ̀ tí ilẹ̀kùn bá ti. Láti oṣù Keje 2020 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì 239 ti kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ìlera àgbáyé pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí ní pàtàkì, pé ọwọ́ fífọ̀ àti jíjìnnà síra ẹni nìkan ò tó. Àwa ń fi sánítáísà nu bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, wíńdò wà ní títì.

Wọn ò gbà bọ̀rọ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí kò sí wíńdò tó tì tí kò ní ìdí tí wọ́n fi tì í. Ọyẹ́ ń fẹ́, àwọn ọmọ á máa wúkọ́ eruku. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìyá kan ní ẹ̀fọn á pa ọmọ òun, mo ní mà, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, alẹ́ ló ń jẹ èèyàn jù, aago méjì ọ̀sán sì ni àwọn ọmọ ń lọlé, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí wíńdò, ẹ kàn máa fọ̀ ọ́. Bàbá tó fi vóìsì ránṣẹ́ náà tún gbé ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù dìde, mo dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ìfẹ́ ọmọ ẹ̀ ló ń mú un sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù yẹn, ìyẹn carbon dioxide, kéré ju ojú aṣọ lọ fíìfíì, ó ń gba inú aṣọ kọjá wọlé jáde, kì í há sẹ́nu ọmọ. Ibi tó ń há sí ni yàrá. Afẹ́fẹ́ ìta, nǹkan bíi 0.04 nínú 100 ni kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀, èyí tí à ń mí síta sì tó 4 nínú 100, ìyẹn ìlọ́po bíi ọgọ́rùn-ún. Kí ọmọ tó lé ní ogún máa mí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí márùn-ún nínú yàrá tó tì pa, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sùn lé tábìlì lórí tó bá ti di aago méjìlá. Bàbá yẹn dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní "àní ọmọ mi máa ń sọ pé orí ń fọ́ òun tó bá ti dọ̀sán."

Mọ́mì ní kí n wá fi hàn àwọn. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ tán, èmi, Mọ́mì, Ántì Primary 4 àti ọ̀gá alùmíníọ̀mù kan tó jẹ́ òbí níbẹ̀, a tan kóìlì ẹ̀fọn sórí tábìlì Ántì ní Primary 3. A kọ́kọ́ ti gbogbo ẹ̀ pa, a tan fáànù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é gan-an. Kò pẹ́, gbogbo yàrá ti ń ta wá lójú, igun tó jìnnà jù náà ò yọ sílẹ̀. A wá ṣí wíńdò kan yẹn, èéfín tó wà nítòsí wíńdò ń lọ, èyí tó wà ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún níbi páláńkì ò mira, ibẹ̀ ni ìlà àwọn ọmọ tó kẹ́yìn ń jókòó. Lẹ́yìn náà a ṣí ilẹ̀kùn tó jáde sí kọ́ríńdọ̀, ká sọ tòótọ́ gbogbo wa la rí i, èéfín yẹn na tàn-ìn bí okùn, láti wíńdò gba orí tábìlì jáde lẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ nílò ibi tó máa gbà wọlé àti ibi tó máa gbà jáde, méjèèjì, kò sí bó o ṣe lè ṣe é.

Ọ̀gá alùmíníọ̀mù ló wòkè tó rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí. Lórí ilẹ̀kùn, búlọ́ọ̀kù oníhò wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn àgbà ọmọlé máa ń tò sókè ògiri, ẹni tó ń gbé ilé yẹn tẹ́lẹ̀ ti fi káàdíbọ́ọ̀dù àti sẹ́lótéèpù dí i torí éásì (ẹ̀rọ amúlétutù) tó fẹ́ lò, wọ́n sì ti kun ún ní ọ̀dà mọ́ ògiri. Ó gun àga, ó ya á, eruku ọdún gbọọrọ ya lé gbogbo wa lórí, a rí ìmọ́lẹ̀ kọ́ríńdọ̀ gba ojú ihò yẹn wọlé. Gbogbo yàrá ilé yẹn ló ní i, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti dí.

Inú mi ò dùn sí bí a ṣe ń kọ́lé sí báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ìlú Ìbàdàn kan náà, ẹ lọ wo Kenneth Dike Library ní UI, Maxwell Fry àti Jane Drew ló ya àwòrán ẹ̀, ògiri oníhò tí wọ́n fi yí i ká ń dá oòrùn dúró, ó sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá. Àwọn sùkúù ìjọba àtijọ́ náà ńkọ́, ògiri ò ju ibi àyà lọ, òkè ẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn tá a lọ irú ẹ̀ mọ bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Ní Jámánì lọ́dún 1904, torí ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n kó àwọn ọmọ tí ara wọn ò le lọ máa kàwé nínú igbó, nínú afẹ́fẹ́ tútù wọn níbẹ̀. Àwa tí Ọlọ́run fún ní ojú ọjọ́ tó ṣe é ṣí wíńdò látọdún dọ́dún, gíláàsì dúdú la ń fi dí gbogbo ẹ̀ pé kí ilé lè rí bíi tòyìnbó.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ò náni lówó bíi ti ìbòmú oníbáàjì yẹn. Wọ́n yọ káàdíbọ́ọ̀dù gbogbo yàrá. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò nídìí wíńdò. Ọ̀gá alùmíníọ̀mù yọ gíláàsì kan kúrò pátápátá lára wíńdò kọ̀ọ̀kan kó lè ṣí dáadáa, irin bọ́gílárì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi nẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, Fúráídè Fúráídè ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló le jù, wáyà ò tó, ó gbà wọ́n lásìkò kí wọ́n tó rí i gbé lọ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì iwájú, ṣùgbọ́n láìjẹ́ pé wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, tíṣà kankan ò ní ṣí wíńdò yẹn, mo sọ ọ́ fún Mọ́mì bẹ́ẹ̀ gan-an, torí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pa èèyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Páláńkì àárín Primary 3 àti 4, wọ́n gé òkè ẹ̀ kúrò díẹ̀, ariwo pọ̀ sí i lóòótọ́, àwọn Ántì méjèèjì wá jọ ṣètò pé bí tibí bá ń ka ìwé sókè kí tọ̀hún máa kọ̀wé. Láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú, ihò òkè àti ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n ń ṣí, àwọn ọmọ á wọ súwẹ́tà, tí oòrùn bá ti yọ wọ́n á ṣí gbogbo ẹ̀, wọ́n á fi rágì tútù nu eruku.

Bíréèkì padà síta, lábẹ́ igi fúrúùtù, kíláàsì méjì méjì. Ìbòmú ṣì wà síbẹ̀ nígbà yẹn: gbogbo tíṣà ń lò ó nínú yàrá, Primary 3 sókè ń lò ó, nọ́sìrì ò lò ó mọ́ rárá, ọmọ tó ní asthma ń lo ohun tí dókítà ẹ̀ bá sọ. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú méjì wá, ọ̀kan nínú nylon, torí ìbòmú tí itọ́ ti rin ò wúlò mọ́, àwọn ọmọ yìí sì ti ń gba tara wọn lò, èyí tó ní àwòrán Spider-Man ti gba orí ọ̀pọ̀ ẹnu kọjá. Ohun tí mi ò ronú kàn tẹ́lẹ̀ ni ti Ántì tó ń kọ́ Primary 1 ní Yorùbá, ó ní látìgbà tí òun ti ń lo ìbòmú, àwọn ọmọ ò mọ ìyàtọ̀ "pá" sí "gbá" mọ́, ẹnu òun ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n ní kó máa kó wọn jáde síta fún ìyẹn, kó yọ ọ́ níbẹ̀, kó jìnnà sí wọn díẹ̀.

Mi ò ní sọ pé wíńdò ló gbà wá. Àrùn náà lọ sílẹ̀ ní gbogbo ìlú nígbà tó yá, sùkúù tí ò ṣí nǹkan kan náà rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé a tún tan kóìlì lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́, igun ẹ̀yìn yẹn náà mọ́. Àwọn Ántì ní àwọn ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́ lọ́sàn-án, òórùn òógùn tó máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà tó bá di aago kan ti lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn WHO wá gbé ìlànà jáde lórí atẹ́gùn inú ilé, wọ́n ní ó kéré tán kí afẹ́fẹ́ tuntun tó wọlé tó lítà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì ọmọ márùndínlọ́gbọ̀n, lítà 250 nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ìdajì wíńdò tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti dí tó máa gbé ìyẹn wọlé.

Ó ṣẹ́ kù síbì kan. Yàrá méjì tó wà lókè, fẹ́ǹsì àti ògiri ilé kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn wọ́n, kò sí ibi tí atẹ́gùn máa gbà wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni Primary 6 sì wà. Tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, omi ń ta wọ Primary 3, wọ́n ń tì í pa, wọ́n ń gbàgbé láti ṣí i padà. Kọmítì ti kọ̀wé sí Mọ́mì pé kí wọ́n fi páànù ṣe ìborí sórí wíńdò ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì gbé Primary 6 wá sí pálọ̀ ìsàlẹ̀ tó ní wíńdò lọ́tùn-ún lósì, kí yàrá òkè di ibi ìkó-ìwé-sí. Wọ́n ti gbà ti páànù. Ti Primary 6, àwọn òbí kan ní ká kúkú ra éásì sí i, mo ti sọ fún wọn pé éásì inú ilé yẹn, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń mú tutù, kì í pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nílẹ̀ di mítììnì tó ń bọ̀.